Lẹ́tà Tó Gba Gbogbo Òkúta

Ó ti sú Olókùúta pátápátá. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń gbẹ́ orúkọ òkú sára òkúta fún onírúurú èèyàn, kò sì bá oníbàárà kankan jà rí. Àbúrò tirẹ̀ gan-an ló wá fẹ́ sọ ọ́ di wèrè.

Òkúta bàbá wọn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá wọn ti sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá: òkúta kan ṣoṣo ni kí wọ́n ṣe, kí wọ́n dá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí fún orúkọ tòun. Ohun kan tí màmá tọrọ nìyẹn. Olókùúta sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ bàbá sókè, wẹ́rẹ́ báyìí, kí àbúrò tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ya irú lẹ́tà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá fi ń kọ orúkọ wọn. Ó ní bàbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún rédíò ṣe, tí kò ní ọ̀rọ̀ méjì ju ọ̀rọ̀ ayé ọ̀la lọ, kò yẹ kí wọ́n fi lẹ́tà àtijọ́ kọ orúkọ rẹ̀. Ló bá fi èyí tó yà han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ wá wo lẹ́tà! Ó ki, ó fẹ̀, igun rẹ̀ gún régé bíi ti ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi lọ sínú òṣùpá, lẹ́tà O rẹ̀ sì tẹ́ bẹẹrẹ bíi páálí tí èèyàn jókòó lé.

Olókùúta wọ̀n ọ́n. Orúkọ bàbá ò gba ìlà kan, kò gba méjì, ńṣe ló ń já wálẹ̀ títí tó fi dé ẹsẹ̀ òkúta. Ó ní kò lè ṣeé ṣe, pé ibo ni àwọn máa kọ ti Ìyá sí.

Àbúrò fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fẹ́ pa Ìyá ni?"

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ bí? Gbogbo ìgbà tí Olókùúta bá ti la ẹnu, ohun tí yóò gbọ́ náà nìyẹn: Ìyá máa pẹ́ láyé, ẹ yéé pè é ní òkú. Ìyàwó àbúrò náà tún bá wọn dá sí i. Olókùúta, obìnrin tí ikú ń bọ́, ò rẹ́nu fi dárúkọ ikú nínú ilé bàbá rẹ̀. Ó gbé òòlù, ó ń gbẹ́ lẹ́tà àbúrò sára òkúta, ó ń kùn, ó ń bú kọ̀ǹpútà àti ẹni tó ṣe é.

Nígbà tó parí, àbúrò ya fọ́tò ẹ̀ títí, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó lọ mú màmá wá.

Ìyá yí òkúta náà po. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó bèèrè pé níbo ni tòun wà. Olókùúta wo àbúrò rẹ̀, àbúrò ń wo bàtà ara rẹ̀. Àbúrò ní Ìyá á pẹ́ láyé, kí wọ́n má sọ irú ẹ̀ mọ́.

"Àmín," ni màmá wí. Ó fọwọ́ lé lẹ́tà kan. Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló dun Olókùúta jù.

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ mi la ti jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Bàbá yín ò gba gbogbo ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ rí."