Agbádá Àdìó

Yúnúsà ti wọ agbádá Àdìó, ọkọ àbúrò rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àdìó fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnì, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Àdéhùn tí àna rẹ̀ bá a ṣe nìyẹn: tó bá lè jókòó wo ìwà ara rẹ̀ lára Yúnúsà títí di ọ̀sán, Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ á tún ọ̀rọ̀ lílọ rẹ̀ rò. Ẹrù obìnrin náà ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Ìwó ló ń lọ.

Ogun ti parí, wọ́n ń kọ́ ilé tuntun sórí àwókù káàkiri Onitsha, páànù tí Àdìó ń tà ní Iweka Road kì í pẹ́ tán. Síbẹ̀ kò fẹ́ rí ènìyàn sójú. Kì í dáhùn tí ará Woliwo, àdúgbò tí wọ́n ń gbé, bá kí i, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ yà sílé ẹnikẹ́ni.

Nàfísàt gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Yúnúsà tẹjú mọ́ abọ́ náà.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tó o ń pò ó?”

Ohùn Àdìó gan-an ni. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Àdìó, àfi ìgbà tó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń búra pé òun ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Nàfísàt mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni, síbẹ̀ ó ń búra.

Papa Ngozi, káfíńtà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, wọlé wá, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nàfísàt ti sọ eré náà fún un. Yúnúsà fi pijin bi í pé kí ló wá ṣọ́. Ọkùnrin náà ní òun kàn fẹ́ mọ ohun tí òun ṣe ni.

“O dá obì mi padà,” ni Yúnúsà wí. “Ọjọ́ tí mo kó dé.”

Papa Ngozi mi orí. “Onílé ló ń pa obì níbí. Àlejò á wò ó, á dá a padà sí i lọ́wọ́. Mo jókòó títí, mò ń retí kó o pa á. O kàn dìde, o wọlé lọ.”

Òótọ́ ni. Àdìó rántí pé ọkùnrin náà nìkan ló jókòó pẹ́ sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Ó ká kọ́tìnì kúrò.

“Ta ló ní kó o jáde?” ni Yúnúsà wí. “Ilé mi nìyí.”

“Ẹ bọ́ agbádá mi fún mi, ẹ̀gbọ́n.”

Kò jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Papa Ngozi ló jókòó sí.

“Nàfísàt, jọ̀ọ́, ṣé obì wà nílé?”

“Inú ẹrù mi ló wà. Mo fẹ́ mú un lọ fún àwọn ará ilé.”

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tú okùn ẹrù náà.

Papa Ngozi gba obì, ó wò ó, ó dá a padà sí Àdìó lọ́wọ́. Àdìó pa á.

Okùn náà wà nílẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, ẹnikẹ́ni ò mú un láti tún di ẹrù náà.