Ọwọ́ Òsì Ọládipúpọ̀

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Ọládipúpọ̀ ní apá ọ̀tún, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù sí i lẹ́nu: "Ó dáa." Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, "Ó dáa" ni. Bí wọ́n bá bu ẹ̀kọ tí kò fẹ́ sí i lẹ́nu, "Ó dáa" náà ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pátá wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń gbọ́ wọn ketekete, kò sì gbàgbé orúkọ nǹkan kan. Àmọ́ bó bá ti la ẹnu, gbólóhùn yẹn nìkan ní í rí ọ̀nà jáde.

Koríko ni iṣẹ́ rẹ̀ kó tó ṣàìsàn. Ìgbà ọ̀dọ́ ló ti Iléṣà wá sí Bìní, ó sì fi móà rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, tọ́jú ọgbà ilé olówó káàkiri Ugbor. Ní báyìí, ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ gan-an, nínú ilé tí wọ́n háyà létí Ekenwan Road, koríko ibẹ̀ ti ga dé orúnkún. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Adéjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí ejò tó wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá. Ó pariwo títí àwọn ará àdúgbò fi jáde. Kó tó gbé gààrí rẹ̀ lọ sí Santana Market, ó sọ fún Motọ́lání, ọmọbìnrin wọn, pé bí koríko yẹn bá wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, òun ò ní sùn nínú ilé náà.

Yunifásítì ni Motọ́lání ń lọ. Bìní ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń fèsì. Ó ti àga onítáyà bàbá rẹ̀ síta sábẹ́ igi máńgòrò, ó wọ́ móà jáde, ó fa okùn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó fà á, ó tún fà á, títí òógùn fi bò ó.

"Daddy, the fuel don old? Make I change am?"

"Ó dáa."

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Bẹntiróòlù náà ti wà nínú ẹ̀rọ láti ìgbà tí Ọládipúpọ̀ ti ṣubú. Motọ́lání da ògbólógbòó epo nù, ó rọ tuntun sí i, ó fa okùn. Kò sí nǹkan kan. Ó wá fi sípánà tú púlọ́gì, ó sì gbé e wá síwájú bàbá rẹ̀. Púlọ́gì náà gbẹ bí eegun. Lójú ẹsẹ̀ ni Ọládipúpọ̀ mọ ohun tó ń ṣe é. Epo wà nínú táǹkì, kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Kábúrétọ̀ tí epo ń gbà wọlé ló dí!

"Ó dáa!" ló pariwo. "Ó dáa! Ó dáa!"

"Plug dey okay? No wahala." Motọ́lání nù ún, ó dá a padà.

Inú bí Ọládipúpọ̀ débi pé ó fi ọwọ́ òsì lu apá àga. Ọmọ rẹ̀ rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ó tì í wọlé, ó bá a tú ṣòkòtò, ó gbé ike sí i nídìí, ó sì kọjú sí ògiri. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí. Ìtọ̀ kankan ò wá. Ojú ti bàbá, ojú ti ọmọ.

Nígbà tí wọ́n padà síta, Àkàndé ti wọlé wá. Òun ló ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní àdúgbò náà. Ariwo okùn tí wọ́n ń fà ló gbọ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú ìjókòó o." Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. "Ẹ́ńjìnnì yìí ti bàjẹ́, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí n tú u palẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, a ó yọ ohun tó ṣì dára lára rẹ̀. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

Ọládipúpọ̀ kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ. Rárá ló fẹ́ sọ. Rárá, má fọwọ́ kàn án.

"Ó dáa."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá."

Àkàndé ti ẹ̀rọ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọwọ́ òsì Ọládipúpọ̀ nà jáde, ó gbá irin rẹ̀ mú. Àkàndé rẹ́rìn-ín, ó rọra fà á. Ọwọ́ náà kò tú. Ó fà á sí i, àga fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu Ọládipúpọ̀ ń sọ pé "Ó dáa, ó dáa, ó dáa."

"Uncle, stop! Leave am!"

Motọ́lání wo ẹnu bàbá rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Yorùbá ló sọ, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dádì, ẹnu yín ń parọ́ mọ́ yín, àbí?"

Omi bọ́ lójú Ọládipúpọ̀.

"Ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ mọ́. Ẹ di ọwọ́ mi mú. Tí mo bá kan ibi tó bàjẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó fi ọwọ́ kejì kan táǹkì. Bàbá rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Ó kan púlọ́gì, ó kan sàlẹ́ǹsà tí èéfín ń gbà jáde, kò sí nǹkan kan. Ó wá kan ife irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọládipúpọ̀ fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi ké "Yéè!"

"Kábúrétọ̀!" ni Àkàndé wí. "Ṣé epo ti pẹ́ nínú rẹ̀ ni? Ẹ ò sì sọ fún mi!"

Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Epo inú ife náà ti di pupa, ó ti ki bí oje igi, ihò tín-ínrín tí epo ń gbà kọjá sì ti dí pa. Ó fa wáyà kan yọ, ó fi gún ihò náà, ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì tò ó padà. Motọ́lání fa okùn. Ẹ̀rọ náà húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì bú ramúramù.

Motọ́lání fẹ́ tì í wọ àárín koríko tààrà. Ọládipúpọ̀ ju ọwọ́ sí i: rárá, ẹ̀bá ògiri ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ síbẹ̀. Bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀: kó gbé iwájú ẹ̀rọ sókè ná, kó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí koríko bá ti ń gé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àkàndé ń pariwo ohun kan, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ júwe. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú ọgbà náà mọ́. Ọládipúpọ̀ jókòó láàárín wọn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Nígbà tí ẹ̀yìnkùlé mọ́, Motọ́lání yíjú sí bàbá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá kóun pa ẹ̀rọ náà. Bàbá nawọ́ sí iwájú ilé. Ọmọ gé ibẹ̀. Bàbá tún nawọ́ sí etí títì, níbi tí koríko ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ọmọ náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ti ẹ̀rọ náà lọ síbẹ̀.

Epo ló tán fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kú, àdúgbò sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Adéjọkẹ́ ti ọjà dé, ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú abọ́ gààrí lórí, ó ń bi ọkọ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de èsì.