Ọjọ́ Kẹjọ Nínú Kọ̀ǹpútà

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ilé iṣẹ́ kan ní Oregun yóò mú ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Onígbòǹgbò. Simbiat fẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fẹ́ ọmú. Ẹni tí ètò kọ̀ǹpútà tó bá kọ kò bá ní àṣìṣe ni wọn yóò mú. Èyí tí òun kọ ní èdè C, èdè tí wọ́n fi ń rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́, rèé: kí èèyàn tẹ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, kí kọ̀ǹpútà sọ ọjọ́ ìkómọ.

Ní Àlàmísì, ó mú ìyá àgbà rẹ̀, Màmá Ojúọlápé, wá láti Dopemu kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Àná, Àlàrùbá, ni Fàúsát ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ.

Simbiat tẹ 26/2/1992. Kọ̀ǹpútà ka ọjọ́, ó ka oṣù, ó ka ọdún, ó tilẹ̀ mọ̀ pé Fẹ́búárì ọdún náà ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó dáhùn: 5/3/1992.

“Ọjọ́ wo ni ìyẹn bọ́ sí?”

Simbiat wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. “Àlàmísì, Màmá.”

Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Àdùnní mi! Ọmọ Àlàrùbá, ìkómọ Àlàmísì? Ẹ̀rọ yín yìí á dé bá abọ́ òfìfo!”

“Màmá, ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe. Ṣebí ọjọ́ kẹjọ ni? Mo fi mẹ́jọ kún un.”

“Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi, ìwọ lo rán an níṣẹ́ òdì. Mú ìka rẹ wá.” Màmá ń di ìka náà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó lórí àga:

*Ọjọ́ a bí ọmọ lọjọ́ kìíní o,*
*Má fò ó, má fò ó,*
*Ẹni fo ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fo oore Olúwa.*

Wọ́n ka Àlàrùbá àná ní ìka kìíní. Nígbà tí wọ́n dé ìka kẹjọ, Àlàrùbá tún ni. Simbiat padà wo ìlà tó kọ. Ká ní ọ̀la ni wọ́n rí èyí ńkọ́? Ó pa mẹ́jọ rẹ́, ó fi méje sí i. Kọ̀ǹpútà ní 4/3/1992.

“Ó ti gbọ́ Yorùbá wàyí,” ni Màmá wí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, ọ̀gá tó wá láti Oregun, ka ètò náà, ó fajú ro. “Ọjọ́ kẹjọ lo ní. Kí ló dé tó o fi méje kún un?”

Simbiat nawọ́ sí ìlà òkè rẹ̀, irú ìlà tí kọ̀ǹpútà kì í kà, tí wọ́n ń kọ fún ojú èèyàn nìkan:

/* Màmá ní kí a ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn */

Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tí wọ́n bí ní Àlàrùbá ni àwọn fi dán an wò. Ọ̀gá náà fi ìka tirẹ̀ kà á lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó débi ìka kẹjọ, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu.

“Bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè,” ó ní. “Ní Àlàrùbá, máa lọ síbi ìkómọ. Kí Màmá bu tèmi sílẹ̀ o.”