Ládiípọ̀, Òpó Iwájú Bẹ́yẹrunkà

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bẹ́yẹrunkà ti fìdí rẹmi títí débi pé bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ijó ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò. Mikail, kóòṣì wọn, tó ń lẹ táyà ní Bẹẹrẹ, ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Oníbàárà tó bá gbé táyà wá á kọ́kọ́ bi í pé, "Kóòṣì, nínú táyà mi àti ilé góòlù yín, èwo ló jò jù?"

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, àwọn àti Ọ̀jẹ́. Bí Bẹ́yẹrunkà ò bá borí, wọ́n á já bọ́ sí ìsọ̀rí kejì. Àwọn àgbààgbà àdúgbò sì ti sọ ọ́ lójú Mikail pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn á gba fèrè lọ́rùn rẹ̀, àwọn á gbé e fún onígbàjámọ̀ kan tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé ẹ̀, àmọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀, Mikail fẹ́ràn fèrè yẹn ju ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó fi ń jẹun lọ.

Lójú tiẹ̀, Ládiípọ̀, agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn, ló ń pa ẹgbẹ́ náà. Ládiípọ̀ ti lé lógójì ọdún dáadáa. Ó ga bí òpó iná, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Òpó, orí ẹ̀ ti pá, ikùn ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ. Kì í sáré. Ó ní ẹni tí kò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ló ń sáré. Á kàn lọ dúró síwájú ilé góòlù, á kẹ̀yìn sí bàákì, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù sí i láyà, òun á sì gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹlòmíì náà kì í tíì dé.

"Ẹ̀gbọ́n, orí bẹ́ńṣì lẹ ó wà lónìí," ni Mikail wí nígbà tí wọ́n dé pápá nísàlẹ̀ òkè Mápó.

"Ṣé bẹ́ńṣì náà gbọ́?" Ládiípọ̀ bá jókòó. Bẹ́ńṣì ké gbàjarè.

Dámilọ́lá ni Mikail gbé síwájú, ọmọ Pópó Yemọja tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n dẹ ajá sí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù ò lè bá a sáré. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbéra, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́yìn, ó kọjá ilé góòlù, ìdí oníreké ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀yìn. Ìgbà kejì, ó kọ lu Àyànníyì, bàákì Ọ̀jẹ́, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì. Dámilọ́lá ta padà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń béèrè pé ìlú wo nìyí. Kí wọ́n tó dá a lóhùn, Ọ̀jẹ́ ti gbá góòlù kan wọlé.

Nígbà tí wọ́n sinmi tán, Mikail wọ́ ẹsẹ̀ lọ sídìí bẹ́ńṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wọlé. Dámilọ́lá á lọ máa gbá ẹ̀gbẹ́ pápá."

"Jẹ́ kí n jẹ ẹ̀pà yìí tán."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó wọlé, ó lọ dúró. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sókè, ó bà lé e láyà. Mikail di ojú kí ó má baà rí bí Àyànníyì ṣe máa wó òpó náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó la ojú, ó rí Àyànníyì tó na gbalaja sílẹ̀, tó dojú bolẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Àyànníyì, ṣé dáadáa ni? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

Ládiípọ̀ yí padà wẹ́rẹ́, ó ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n bí ẹni ń gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan.

Àṣé Àyànníyì ló fẹ́ fẹ́ Àbíkẹ́, àkọ́bí Ládiípọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdána. Àwọn àǹtí Àbíkẹ́ sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bí adájọ́, wọ́n ń wò bóyá ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Àyànníyì.

"Àyànníyì, dìde, mú un," ni kóòṣì Ọ̀jẹ́ ń pariwo.

"Kóòṣì, àna mi ni."

"Kì í ṣe àna ẹ, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni."

"Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún mi níyàwó ná."

Rẹfirí ronú títí, kò rí òfin tó ní kí èèyàn má kí àna ẹ̀. Òun náà ṣáà lána.

Mikail bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. "Òpó ni kẹ́ ẹ gbá a sí. Ẹ má ronú." Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, Àyànníyì á balẹ̀. Ìgbà tó yá, kóòṣì Ọ̀jẹ́ fi ìbínú yọ ọ́, ó sì wọ jẹ́sì fún bàbá tó ń ru àpò bọ́ọ̀lù wọn, tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nítorí àtidí àlàfo. Ewú ti bo orí bàbá náà, jẹ́sì sì há sí i lórí ikùn. Mikail rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú Ládiípọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Bùọ̀dá Ọ̀ṣuntọ́lá nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi."

Ẹ̀rín Mikail jò tán bí táyà tó gun ìṣó. "Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí wọn."

"Wọ́n ti rí mi."

Bí bọ́ọ̀lù tó kàn ṣe ń bọ̀, Ládiípọ̀ ló dọ̀bálẹ̀. Bọ́ọ̀lù gba orí ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ọ̀ṣuntọ́lá fẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó ń kí i lọ: ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, onílé yín ńkọ́, ajá onílé yín ńkọ́. Kò jẹ́ fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Rẹfirí ti ń wo aago nígbà tí Dámilọ́lá sáré gba ẹ̀gbẹ́ dé ìpẹ̀kun pápá, tí ó sì rántí mú bọ́ọ̀lù dání lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbá a wọ iwájú ilé góòlù, àmọ́ kò ga ju orúnkún lọ. Orí ta ló máa kàn án? Lásìkò yẹn gan-an ni Ọ̀ṣuntọ́lá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé góòlù, ó gbá ṣòkòtò ẹ̀ mú, ó wúkọ́ bí àgbà tó ń retí ìkíni. Mikail bọ́ fèrè lọ́rùn fúnra ẹ̀, ó ń fojú wá onígbàjámọ̀.

Ládiípọ̀ rí àna ẹ̀. Ó gbé gbogbo ara ẹ̀ sọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Bó ṣe ń balẹ̀ lọ, orí pípá yẹn pàdé bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Gbòà. Àwọ̀n mì.

Gbogbo Bẹ́yẹrunkà ya wọ pápá. Kí rẹfirí tó lé wọn jáde tán, àsìkò ti tó, ó fọn fèrè ìparí. Mikail dé ibẹ̀, ó bá Ládiípọ̀ lórí ikùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, a ti borí."

"Wọn ò tíì ní kí n dìde."

Mikail wo Ọ̀ṣuntọ́lá. Ọ̀ṣuntọ́lá káwọ́ gbera, ó kọjú sọ́nà Ọ̀jẹ́.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ ní kí wọ́n dìde."

"Kó ṣì wà ńbẹ̀ ná. Ìkíni yẹn dùn mí."

Mikail gbé fèrè padà sọ́rùn. Ó lóṣòó ti Òpó, ó ń fi jẹ́sì ṣíji bo orí tó gba fèrè náà là. Ó ronú sí sáà tó ń bọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin mélòó ló ṣì kù nílé?"

"Méjì. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Bàákì ẹgbẹ́ Agodi ò tíì níyàwó ni."