Itọ́ Àwọn Ọmọ Tí Ẹ̀yìn Wọn Tọ́

Dókítà-Ọ̀la ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yàrá ìwádìí ń pè é, torí ó ti pẹ́ tó ti ń bá oyè ọ̀mọ̀wé fà á, oyè náà ò sì tíì wálé. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn máa ń wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń bàlágà. Kò gbà pé jíìnì tí ọmọ jogún nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àmì kéékèèké kan máa ń lẹ̀ mọ́ jíìnì, wọ́n á sọ fún un pé kó ṣiṣẹ́ tàbí kó panu mọ́. Àwọn àmì yẹn ló ń wá nínú itọ́ àwọn ọmọ.

Itọ́ àwọn tí ẹ̀yìn wọn wọ́ kún ilé ìwòsàn. Ti àwọn tí ẹ̀yìn wọn tọ́, tó fẹ́ fi wé wọn, ló wọ́n bí ojú. Ta ló fẹ́ gbé ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe wá sọ́dọ̀ oníṣègùn? Ìdí nìyẹn tí gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí náà fi máa ń gba itọ́ ọmọ tiwọn láti fi dí àlàfo. Òun náà gba ti ọmọbìnrin rẹ̀, kò sì yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó tó gbà á. Ọmọ tó ń jẹun, tó ń sáré, tó ń jiyàn, kí ló fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà wo àwọn àmì inú itọ́ náà, ó sì pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn tó wọ́ lápá kan, àwọn tó tọ́ lápá kejì. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó tọ́ kọ̀, ó lọ jókòó sáàárín àwọn tó wọ́. Dókítà-Ọ̀la wo nọ́ńbà rẹ̀. Ti ọmọ rẹ̀ ni.

Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ pé òun ló ṣèèṣì po itọ́ pọ̀. Ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé wá ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun jẹ́ òpònú. Èsì kan náà ló jáde.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, bàbá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rí-Dà, torí kò sóhun tí èèyàn sọ tí kò ní béèrè ẹ̀rí rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ò lójú," bàbá náà ní. "Kò rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Àmì lásán nìyẹn."

"Ọ̀gá, tó bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?"

Ọkùnrin náà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Máa lọ sílé," ló wá sọ. "Ní kó bẹ̀rẹ̀ síwájú, kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Nínú ọkọ̀, àwọn nǹkan tí kò kà sí ń jẹ yọ lọ́kàn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: báàgì tó máa ń yọ̀ léjìká kan ṣoṣo, ṣẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀ tí ọmọ náà ò fẹ́ bọ́ lọ́rùn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀rù ń bà á pé ìrókò ti dàgbà lójú òun, iṣẹ́ abẹ nìkan ló sì kù.

Ó bá ọmọ náà ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń fọ abọ́.

"Mọ́mì, ẹ tètè dé lónìí."

"Wá. Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, kó o bẹ̀rẹ̀ síwájú."

Ọmọ náà ò béèrè ìdí, ìyẹn gan-an ló sì ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù jù. Ó nu ọwọ́, ó kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́, bí ẹni tó ti ń fi kọ́ra.

Ìhà ọ̀tún rẹ̀ ga ju ti òsì lọ. Kò nílò irinṣẹ́ kankan láti fi wọ̀n ọ́n. Ìyá fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ó ti pọ̀ sí i, Mọ́mì?" ọmọ náà béèrè, orí rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀.

"O mọ̀?"

"Ó ti pẹ́. Mo rí fọ́tò àwọn ọmọ tí ẹ̀yìn wọn wọ́ nínú kọ̀ǹpútà yín, mo wá lọ wo ara mi nínú dígí."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ọmọ náà nàró, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Nígbà tí ẹ gba itọ́ mi, ẹ ní tèmi lẹ máa fi mọ bí ẹ̀yìn tó tọ́ ṣe ń rí. Mi ò fẹ́ ba iṣẹ́ yín jẹ́."