Ìlà Tí Kì Í Gbọ̀jẹ̀gẹ́

"Oògùn bàbá orí bẹ́ẹ̀dì kẹta ló jáde lábẹ́ orúkọ màmá orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí lórí fóònù. "Màmá fúnra wọn ló sọ pé àwọn ò ní àtọ̀gbẹ."

"Ṣé wọn ò tíì gbé e mì?"

"Ọlọ́run ló yọ wá. A ti padà sí ìwé àti bírò báyìí. Ẹ bá wa wo ibi tó ti ń yọ, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkùnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn náà gbé fóònù sílẹ̀, ó sì kọjú sí tábìlì òdìkejì, bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá le. Ife tíì Àǹtí, ẹni tí wọ́n jọ ń kọ ètò tẹ́lẹ̀, nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí Àǹtí ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tó sì ku òun nìkan nínú yàrá ẹlẹ́ni-méjì yìí, tó ń dá jẹun, tó ń dá àpárá, tó sì ń dá rẹ́rìn-ín sí i. Àárò wọn ń sọ ọ́ gan-an. Agídí ni kò jẹ́ kó wí.

Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ló dájà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Gbogbo ètò tí Àǹtí bá kọ, ìlà yẹn ló máa ń wà lókè pátápátá, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má gbọ̀jẹ̀gẹ́. Láìsí i, bí èèyàn bá gbàgbé láti kéde àpótí tó fẹ́ kó nǹkan sí, kọ̀ǹpútà á rọra gbé ọ̀kan sí gbangba fún un, níbi tí ọwọ́ gbogbo ayé ti lè tó o, kò sì ní wí nǹkan kan. Bí ìlà náà bá wà, iṣẹ́ á dúró, á sì tọ́ka sí àṣìṣe.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ilé ìwòsàn gba ètò náà, ìlà yẹn ń pariwo àṣìṣe lórí kóòdù tí ọkùnrin náà kọ. Ó pa á rẹ́. Ariwo rọlẹ̀, ọ̀gá pàtẹ́wọ́.

"Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná," ni Àǹtí wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn.

"Ìyá Òfin, ẹ máa rọra," lòun dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún jù báyìí.

Ó kọ ìlà náà padà. Lójú ẹsẹ̀, ètò dúró, ọ̀rọ̀ pupa sì yọ: àpótí tó ń gba oògùn aláìsàn, kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Inú àpótí kan náà ni bẹ́ẹ̀dì kẹta àti ìkẹrin ti ń bù. Ọwọ́ òun ló kọ ọ́. Ó kéde rẹ̀ kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀, ó ṣí ojú-ìwé àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, oògùn bàbá ò sì kúrò lọ́dọ̀ bàbá mọ́. Ó tún tan ètò náà. Àṣìṣe mìíràn yọ.

Ó lè dákẹ́, nọ́ọ̀sì ò lè mọ ẹni tó jẹ̀bi. Síbẹ̀, ó pè é.

"Àṣìṣe mi ni, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má tíì ju bírò yín nù, ó ṣì kù."

"Ó ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà, ó pe nọ́ńbà tí kò tíì pè láti oṣù mẹ́rin.

"Àǹtí, ẹ káàsán."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ó kù díẹ̀." Ó rò ó fún wọn, kò fi ibì kankan pa mọ́. "Mo ti dá ìlà yẹn padà. Ẹ forí jì mí."

Ó gbọ́ ìró àga tí Àǹtí ń fà.

"Kí ni ìlà yẹn ń sọ báyìí?"

Ó gbé kọ̀ǹpútà àti fóònù lọ sórí tábìlì òdìkejì, ó gbé fóònù ti ife tíì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣìṣe tó kù fún wọn.