Ìwé Inú Páálí Oògùn

Àṣìṣe ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Alámì ń wá jẹun. Ilé ìtẹ̀wé tó ń bá ṣiṣẹ́ ló ń tẹ ìwé pélébé tí wọ́n máa ń ká sínú páálí oògùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nù láìtú u. Kí ìwé náà tó wọ ẹ̀rọ, ènìyàn méjì ní láti kà á. Àǹtí Olóhùn á máa ka èyí tí àwọn olóògùn fi ránṣẹ́ sókè ketekete, tòun ti kọ́mà àti àmì ìdánudúró, Alámì á sì máa fi ojú àti gègé pupa tọ̀ ọ́ lórí èyí tí ilé ìtẹ̀wé tò. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń kojú ara wọn lórí tábìlì kan náà.

Ohun tí Àǹtí kò mọ̀ ni pé Alámì ń lo ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin. Ṣáájú ìgbà yẹn, àyà rẹ̀ máa ń já láìsí ohun tó já a. Á rìn dé ìdajì ọ̀nà, á padà wá wò bóyá òun ti pa iná gáàsì, á tún padà lẹ́ẹ̀kejì wá wò bóyá òun wò ó dáadáa. Dókítà ní oògùn àwọn tí ìbànújẹ́ dorí wọn kodò ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ó máa ń ran àwọn tí ìpayà ń dà láàmú lọ́wọ́ náà. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Ìwé oògùn yìí ti kọjá lábẹ́ ojú rẹ̀ nígbà méje. Ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà ló ń rí, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan tí ìwé náà tún dé, ọ̀fìnkìn mú Àǹtí. Ohùn rẹ̀ há, ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde níkọ̀ọ̀kan, Alámì sì ráyè gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà.

"Ó wọ́pọ̀ kí ìfẹ́ sí ìbálòpọ̀ dínkù, àmì ìdánudúró. Nínú àwọn kan, kọ́mà, èyí lè máa bá a lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá oògùn dúró, àmì ìdánudúró." Àǹtí fọn imú.

Gègé Alámì dúró. Ó tó ọdún mẹ́ta tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń sùn bí ọmọ ìyá. Ó máa ń ní iṣẹ́ ló ń rẹ òun. Nígbà tó yá, ìyàwó kò bèèrè mọ́, òun náà sì gbà pé àgbà ló dé, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlógójì.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò lo oògùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, òòyì ń kọ́ ọ, bó bá sì yí ojú báyìí, nǹkan á ṣáná fìrì nínú orí rẹ̀ bíi wáyà tó fara kanra. Lọ́jọ́ yẹn ni ó fọwọ́ sí ìwé oògùn ikọ́ ọmọdé kan, níbi tí miligíráàmù márùn-ún ti di àádọ́ta. Àǹtí tó fẹ́ gbé e lọ fún àwọn ẹlẹ́rọ ló rí i. Ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó bi í pé kí ló ń ṣe é. Alámì ní kò sí nǹkan. Àǹtí ní kó má purọ́ fún òun, ẹni tí kò jẹ́ kí kọ́mà kan bọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kò lè ṣàdédé fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ló bá jẹ́wọ́. Àǹtí fa ìwé ọjọ́ Ajé yọ nínú fáìlì, ó tẹ ìka mọ́ ìlà kan.

"Ka ibí yìí fún mi. Má ka kọ́mà o."

"Má ṣe dá oògùn yìí dúró lójijì, láì kọ́kọ́ bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀."

"Ta ló fi gègé pupa fi kọ́mà síbẹ̀?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"O tún un ṣe, o ò kà á. Ọ̀gá ni ẹ́."

Alámì dé gègé rẹ̀, ó dìde.

Ọ̀dọ̀ dókítà ló gbà lọ. Ó bi í ní ìbéèrè méjì: ṣé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ṣé kò léwu fún ẹni tó bá lò ó pẹ́? Ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń retí. Dókítà ní nínú ẹni mẹ́wàá tó lò ó, bíi mẹ́fà ló máa ń rí ìyàtọ̀ gidi, ṣùgbọ́n bíi mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú náà máa ń rí i. Nínú mẹ́wàá tó dá a dúró lẹ́yìn tí ara wọn yá, ó tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìpayà máa ń padà bá kí ọdún tó yípo. Nínú mẹ́wàá tó ń lò ó lọ, àwọn tó máa ń padà bá kì í sábà pé méjì. Ti ọdún mẹ́rin ńkọ́? Ó ní ọ̀pọ̀ ìwádìí kì í pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ, díẹ̀ ló ń tó ọdún kan, ohun tí àwọn mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò tíì pọ̀ tó.

Alámì ní níbi iṣẹ́ tòun, ojúlówó ìwé kan máa ń wà tí wọ́n ń fi èkejì wé.

"Ti èyí, wọn ò tíì kọ ọ́ tán," ni dókítà wí. Ó ní kó padà sí ìwọ̀n tó ń lò, bó bá sì wù ú láti dín in kù, kí àwọn máa bù ú díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lórí ibùsùn nígbà tó rò ó fún un. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Oògùn ni? Èmi tí mo ti ń ṣọ́ fóònù rẹ láti ọdún méjì."

Alámì bi í pé èwo ló fẹ́, ṣé ọkọ tí ẹ̀rù ń bà ni àbí èyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ìkíní kì í jẹ́ kí n sùn, ìkejì kì í jí mi. Má fi mí ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ dín in kù, sọ fún mi kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ ẹni tí mò ń bá gbé."

Ó sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù; oṣù márùn-ún ló gbà á kó tó dé ìdajì ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń fọ eyín, ìpayà dé, kò sì lọ títí di ọ̀sán. Dókítà ní kó má dín in kù sí i ná, kó dúró níbẹ̀. Ó dùn ún gan-an. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ tí kò parí. Nírọ̀lẹ́, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má lè fi í sílẹ̀ láéláé.

"Ṣé o lọ síbi iṣẹ́ lónìí?"

"Mo lọ."

"Ó dáa nígbà yẹn." Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e nítan, ó ń wo ìròyìn lọ ní tirẹ̀. Alámì di ọrùn ẹsẹ̀ náà mú. Ìròyìn parí, kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì nawọ́ pa tẹlifíṣọ̀n.